Orí Amọ̀ Tí Ọ̀rẹ́dọlá Mọ

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ ká aṣọ kúrò lórí ère tó gbé wá sí kíláàsì, Aaliyah sì kígbe. Kò tíì parí igbe náà tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ère igi ni, kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ojú rẹ̀ kan tóbi bí ọsàn, èkejì kéré bí hóró àgbàdo, imú rẹ̀ wọ́ sápá kan, eyín rẹ̀ sì yọ síta bí ẹni tó fẹ́ gé ènìyàn jẹ.

"Aaliyah, ṣé ẹ̀rù ló bà ọ́ ni, àbí ẹ̀rín ló pa ọ́?" olùkọ́ náà béèrè.

"Méjèèjì ni, sà."

"Ìdáhùn tí mo ń wá gan-an nìyẹn!"

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ ló ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ ọnà abàmì ni ó pe irú ère bẹ́ẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n lọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹni tó ń wò ó kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sá. Ó mẹ́nu ba ìwin olórí méje inú àlọ́, ó mẹ́nu ba aláwàdà tó ń ki ìrọ̀rí sínú ẹ̀wù kí ikùn rẹ̀ lè yọ, ó tún mẹ́nu ba àwòrán orí fóònù tó ń sọ ẹnu ọ̀rẹ́ ẹni di ẹnu ọ̀nì.

"Kí kálukú fi amọ̀ mọ orí abàmì kan," ó ní, "kó sì kọ ojú-ewé méjì lórí ìdí tí ojú wa kì í fi í fẹ́ kúrò lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta tó bá dára jù ni a ó gbé lọ sí àfihàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀rẹ́dọlá lára. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọmọ tí kò lè rí ihò kó má yọjú wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi po amọ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀. Orí àkọ́kọ́ jọ bọ́ọ̀lù. Èkejì jọ bọ́ọ̀lù tó ń sunkún. Nígbà tí ó mọ ẹ̀kẹta, Aaliyah ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, èyí ò ba adìẹ pàápàá lẹ́rù."

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi àárín táàmù, ìyá rẹ̀ rán an lọ sí Efire, létí ọ̀sà, láti lọ ran Ìyá Titus, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja, lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ó ti rí bàbá kan lábẹ́ igi àgbọn, tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ìka rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ṣùgbọ́n aṣọ funfun kan bo ìlàjì ojú rẹ̀.

"Bàbá Zechariah nìyẹn," Ìyá Titus sọ fún un. "Àìsàn ló jẹ ojú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Má lọ máa wò wọ́n bí ẹni ń wòran o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Etí gbọ́, ojú ni kò gbà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn mú, Ọ̀rẹ́dọlá fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ká aṣọ náà sókè láti mu gààrí. Kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Eyín hàn láti ẹ̀gbẹ́, àpá kan sì fa ìpéǹpéjú wálẹ̀, ó gba abẹ́ etí kọjá. Ọ̀rẹ́dọlá yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú náà. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ohun tí òun ń ṣe kò dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Nígbà tí ó padà délé, alẹ́ méjì péré ni ó fi mọ orí náà. Kó lè bani lẹ́rù sí i, ó ba apá kejì tó dára náà jẹ́. Ó mọ ojú ẹranko sí i, ó sì yọ ahọ́n rẹ̀ síta. Ó pè é ní Ìwin Etí Ọ̀sà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ yí iṣẹ́ náà po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Níbo lo ti rí ojú yìí, Ọ̀rẹ́dọlá?"

"Inú orí mi ni mo ti rò ó, sà."

Wọ́n gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Èrò pé lé e lórí. Qowiyyu, ọmọ kíláàsì wọn, gbé ojú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń yí ẹnu po kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè yà á ní fọ́tò. Ẹ̀rín ń sọ lálá. Ọ̀rẹ́dọlá dúró nítòsí, orí rẹ̀ ń wú. Nígbà náà ni ó ṣàkíyèsí ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló mọ èyí?" ọ̀dọ́bìnrin náà béèrè.

"Èmi ni, àǹtí."

"Ṣé o ti dé Efire rí?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà na ìka sí abẹ́ etí ère náà. "Àpá yìí, èmi ni mo máa ń fi òróró pa á nígbà ọyẹ́. Mercy lorúkọ mi. Bàbá mi lẹ ń fi rẹ́rìn-ín yìí." Kò pariwo. "Ọdún kẹta mi rèé ní yunifásítì níbí. Bàbá mi ò wá wò mí rí, torí wọn ò fẹ́ kí èèyàn máa wo ojú wọn. Ìwọ wá bá mi gbé wọn wá."

Ó yí padà, ó sì jáde. Bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí Ọ̀rẹ́dọlá lára ló rí. Àwọn adájọ́ ti ń kó ìwé wọn jọ, gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí yóò gba ipò kìn-ín-ní. Ó lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ó rìn lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi. Irọ́ ni mo pa fún yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀ gbé aṣọ bo orí amọ̀ náà. "Èmi náà jẹ̀bi," ó wí. "Mo kọ́ yín bí a ṣe ń mọ ọ́n, n kò kọ́ yín níbi tó yẹ ká dúró." Ó ní kí àwọn ọmọ pa àwọn fọ́tò náà rẹ́ kúrò lórí fóònù wọn, ṣùgbọ́n omi tó ti dànù kò ṣeé kó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fọ́tò náà ti dé Efire.

Ìyá Ọ̀rẹ́dọlá kò nà án. Ó kàn sọ pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. A kì í fi fóònù bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí." Ní Sátidé, àwọn méjèèjì gbé orí amọ̀ náà lọ sí Efire. Ìyá Titus kò jẹ́ kíkí tí Ọ̀rẹ́dọlá kí i. Bàbá Zechariah kò tíì jáde láti ọjọ́ mẹ́rin. Àwọ̀n tí kò tíì tún ṣe wà lókìtì lábẹ́ igi àgbọn.

Ọ̀rẹ́dọlá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Ó pẹ́ kí bàbá tó jáde, aṣọ funfun lójú. "Gbé e wá kí n rí i."

Ó jókòó, ó gbé orí náà sórí itan, ó ń fi ìka tọ àpá rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ ń ṣiṣẹ́ o. O mú apá yìí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Apá kejì ńkọ́? Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kejì. Kí ló dé tí o fi bà á jẹ́?"

"Mo fẹ́ kó bani lẹ́rù ni, bàbá."

"Èyí tó wà ńlẹ̀ kò tó ọ?" Ó gbé orí náà padà fún un. "Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ní rárá. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé o kà mí kún ẹni tí à ń bi. Gbé e lọ sínú omi."

Ọ̀rẹ́dọlá wọ inú ọ̀sà títí omi fi dé orúnkún rẹ̀. Ó ri orí náà bọ omi. Amọ̀ tí a kò sun ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó rọ̀. Etí ló kọ́kọ́ bọ́, imú tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó dára jù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí ń yọ́ lọ, ó sì ń sunkún, ṣùgbọ́n kò gbé e jáde.

Nígbà tí ó padà, bàbá ti jókòó sábẹ́ igi àgbọn, abẹ́rẹ́ onígi tó fi ń tún àwọ̀n ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́dọlá dúró lókèèrè. "Bàbá, ṣé mo lè bi yín ní ìbéèrè kan? Bí ẹ bá ní rárá, mo gbà."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bi mí."

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, sà?"

Bàbá sọ fún un pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí egbò kékeré kan yọ sí òun ní erìgì. Àwọn èèyàn ní egbò lásán ni. Kí ìyá òun tó rí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn lọ síbi tí dókítà wà, ó ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi. "Ṣùgbọ́n mo yè é," ni ó fi parí ọ̀rọ̀. Ó sì fúnra rẹ̀ tú aṣọ náà.

Ọ̀rẹ́dọlá wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́, àpá nìkan ni ó rí. Nígbà tó yá, ó rí ojú méjì tí kì í pàdánù ihò kan nínú àwọ̀n, ó sì rí bí ọkùnrin náà ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí okùn bá lọ́ mọ́ra.

Ọ̀rẹ́dọlá kò gba ipò kankan ní Àgọ́-Ìwòyè. Mercy kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ó kọ ojú-ewé méjì rẹ̀ tuntun, pẹ̀lú àṣẹ Bàbá Zechariah, olùkọ́ sì kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Bí Ọ̀rẹ́dọlá ṣe parí rẹ̀ nìyí: "Ojú tí oníṣẹ́ ọnà gbẹ́ sára igi ń pè wá pé ká wá wòran. Ojú tí ènìyàn gbé rìn ní ẹni tó ni ín. Kò burú ká fẹ́ mọ̀. Ohun tó burú ni ká gba ojú ẹlòmíràn láìtọrọ, ká wá sọ ọ́ di ìwin. Lọ́jọ́ tí mo fi ara pamọ́ wo bàbá náà, èmi ni abàmì tó wà létí ọ̀sà."