Iná Bátìrì Kì í Sùn

"Wọ́n ti pa á!" ni ọ̀dọ́mọbìnrin apẹja náà ké, bó ṣe ṣí àpótí bátìrì inú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀.

Òun nìkan ló ń fi ẹ́ńjìnnì oníná pẹja ní èbúté yẹn. Àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí apẹja, sì ti búra níṣojú gbogbo èèyàn: ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà bá kọṣẹ́ ni ọmọbìnrin náà máa kúrò létí omi.

Ìnspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n pè dé, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Wọ́n ti gé okùn iná. Orí bátìrì kan dúdú, irin yíyọ́ bíńtín sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ò fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yìí," ni ó wí fún olórí apẹja.

"N ò fẹ́ràn ẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ẹnu ni mo fi ń jà, n kì í fi òkùnkùn jà."

"Sípánà tìrẹ ńkọ́?" ni Ìnspẹ́kítọ̀ bi ọmọbìnrin náà. Ó mú un jáde. Ó ti fi rọ́bà wé e látòkè délẹ̀.

Kò jóná níbì kankan, wọ́n bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó máa ń tún ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù àtijọ́ ti ọmọbìnrin náà ṣe. Ẹ̀rín ọkùnrin yìí máa ń mú ọkàn rẹ̀ fò fẹ̀rẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" ni mẹkáníìkì wí. "Ọ̀gá, ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni."

Àwọn sípánà rọ̀ sára ògiri. Ọ̀kan kọjú sí ògiri. Ìnspẹ́kítọ̀ yí i padà: etí rẹ̀ ti jẹ, bí ẹni pé eku gé e.

"Iná ló bù ú jẹ," ni Ìnspẹ́kítọ̀ wí. "Irin ìhòòhò ò gbọdọ̀ kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin yìí fi fi rọ́bà wé tiẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi okùn fà nìwọ mọ̀. O rò pé bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, iná ti sùn."

Mẹkáníìkì wolẹ̀. "Látìgbà tó ti ra ẹ́ńjìnnì oníná yẹn, kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò bá bàjẹ́, kí ló máa gbé e wá?"

Omi lé sójú ọmọbìnrin náà. "Ẹsẹ̀ mi ì bá gbé mi wá, ká ní o lanu sọ̀rọ̀! Ṣé kí n há sórí omi kó o tó rí mi fẹ́ ni? N ò fẹ́ irú ìfẹ́ yẹn. Ọ̀gá, ẹ máa mú un lọ."

Ọmọbìnrin náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó bó ẹnu okùn iná, ó fá orí bátìrì títí tó fi dán, ó dè wọ́n pọ̀. Olórí apẹja káwọ́ gbera.

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ṣá?"

"Ẹ yé fetí wá a, Bàbá. Omi ni kí ẹ wò."

Omi ti ń hó lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà wa ọkọ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò sì wẹ̀yìn wò.