Omi Tí Wọ́n Fi Wẹ Ẹsẹ̀ Ràfíátù

Ẹrẹ̀ kànga ṣì wà lára ṣòkòtò Adégòkè lọ́jọ́ tí Ràfíátù kọ́kọ́ rí i, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìwó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti agbẹ́kànga bí a ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́ pé kó dánra wò. Ó ní "Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ohùn ẹ̀ bá há. Ràfíátù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú kànga lẹ rò pé ẹ wà ni?"

"Kànga kì í fini ṣẹ̀sín, arẹwà," ni agbẹ́kànga náà fèsì.

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, Ràfíátù ti mọ̀ pé ọmọ Kuta ni, pé Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, àti pé bàbá rẹ̀ tó ti kú ló gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé wọn.

Olùkọ́ wọn tẹnu mọ́ ọn títí: ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ará ìlú, ẹ má sì dárúkọ ilé ẹnikẹ́ni lójú ọjà. Ràfíátù kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún fàlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n ṣé kíkọ sílẹ̀ náà ni gbígbọ́?

Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ ní Kuta, kànga Àtọ́kẹ́ ni àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ ti ń pọnmi. Àyẹ̀wò omi ò tíì jáde. Wọ́n rán Ràfíátù lọ síbẹ̀ láti kìlọ̀ fún ará ìlú. Ẹ̀rù bà á pé bóun bá dákẹ́, wọn á ní torí olólùfẹ́ òun ni. Ló bá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu láàárín ọjà: "Ẹ má pọnmi ní kànga Ìyá Adégòkè mọ́ o!"

Ó mà ṣe o! Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ Àtọ́kẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ru òkúta àti iyẹ̀pẹ̀, ó dí kànga ọkọ rẹ̀ pa. Ọjọ́ kẹfà ni àyẹ̀wò jáde. Kò sí àrùn kankan nínú kànga náà. Odò ló ti wá.

Ràfíátù padà sọ́jà, ó ní òun lòun ṣì í sọ. Àwọn díẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ò dúró.

"Ràfí, o ò tiẹ̀ lè bi mí ná?" ni Adégòkè wí.

"Mi ò bi yín. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Oṣù mẹ́jọ gbáko, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ràfíátù ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àtọ́kẹ́, láìmú gbohùngbohùn dání. Ìyá náà kọ́kọ́ ń kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbẹ́ kànga náà nígbà tí òun lóyún Adégòkè, kí òun má baà máa rìn lọ sódò. Ràfíátù ń gbọ́. Kò dá sí i.

"Dìde, orúnkún rẹ á bó," ni Àtọ́kẹ́ wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ fẹ́ra yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tún kànga yẹn gbẹ́ o. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ò sí mọ́."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Àtọ́kẹ́ gbé abọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà láti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó fi eyín ya ọ̀rá omi mẹ́ta, ó da omi wọn sínú abọ́.

"Omi kànga ọkọ mi là bá fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Adégòkè di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àtọ́kẹ́ wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wẹ tòsì, ó sì fi etí ìró ara rẹ̀ nù wọ́n gbẹ.