Òwú Mẹ́ta Lára Igò Kúnínì

Àkíbù ń rọ egbòogi sínú ife ìwọ̀n, ó gbé ife náà dọ́gba pẹ̀lú ojú rẹ̀ kí ó lè rí ìlà ara rẹ̀ dáadáa, ni ọmọbìnrin kan bá yọ lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ̀n òwú lẹ̀ mọ́ irun ìpéǹpéjú rẹ̀, bí ẹni pé ojú nìkan ni ó ti hewú. Àkíbù wòkè. Egbòogi kọjá ìlà. Ó dà á nù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹ ó rọ ọ́ tán, ẹ ó dà á nù?"

"Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́."

"Ẹ̀kọ́ kí ni?"

"Ẹ̀kọ́ pé kí n má wòkè."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Sàláúdéènì ahunṣọ ní Bẹẹrẹ. Ibà ń dààmú bàbá rẹ̀, oògùn kúnínì ni ó wá gbà fún un.

Ọdún tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sórí òkè Màpó ni. Ilé oògùn kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ibẹ̀ ni Àkíbù ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Olúdayọ̀. Igò fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Lẹ́yìn èyí ni ó mọ òṣùwọ̀n lò, kó tó mọ oògùn tí a ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí òfin ìjọba ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ oògùn olóró mú. Dókítà ìjọba ń bọ̀ lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀ láti dán an wò. Bí ó bá yege, ó di oníwèé àṣẹ.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ọgbọ́n kan wà. Àkíbù a gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, a ká a sí méjì, a tún un ká, títí yóò fi kéré. Yóò wá fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá tú u, gbogbo ojú ibi tí ó gé á jìnnà síra dọ́gba. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igò, kí ojú gígé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n kan.

"Ẹ gbo igò dáadáa," ni ó wí, bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, láìfi kún un, láìyọ kúrò. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìwọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un sọ fún mi."

"Gbo igò. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má sì wòkè."

Àkíbù rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ tó gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Àwẹ̀ Ràmàdáànì ni, òun náà ń gbà á.

Lọ́jọ́ kejì Sẹ̀gilọlá padà wá, ó ní ìdérí igò ti sọnù. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó tún dé.

"Mo gbàgbé ohun tí ẹ wí, Oníkúnínì."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Èyí tó kù sí mi lọ́kàn kì í ṣe ti oògùn."

Àkíbù tún ti oògùn sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà inú rẹ̀ ń dùn ṣáá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sẹ̀gilọlá tún dé, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi dé ilé. Bàbá mi kò gbọ́ ìró ọ̀kọ̀ tó ń fi hunṣọ mọ́."

Sàláúdéènì jókòó nídìí òfì rẹ̀, ó fi ọwọ́ di orí mú. Ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò.

"Ìwọ ni oníkúnínì? Agogo ń lù mí létí, ilé ń yí mi lójú! Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wí, lẹ́yìn oúnjẹ lo wí. Ìgbà wo ni mò ń jẹun nínú ààwẹ̀? Mo ṣínu, mo sì mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀! Ìwọ, ṣé o ò gbààwẹ̀ ni?"

"Mò ń gbà á, Bàbá."

"Ẹ gbà mí o! Alááwẹ̀ ń sọ fún alááwẹ̀ pé kó jẹun ọ̀sán! Jáde. Má sì jẹ́ kí n rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi mọ́."

Àkíbù ì bá dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Olúdayọ̀. Ọ̀gá náà gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ọ lẹ́nu ni o sọ, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Kí bàbá náà má fi ẹnu kan oògùn náà mọ́ títí etí rẹ̀ yóò fi là. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó dín agbára rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà kò bá gbà kí o tún un ṣe, n kò ní mú ọ dé iwájú dókítà."

Nígbà tí Àkíbù gbọ́ pé etí bàbá ti là, ó gbé igò tuntun, ó lọ sí Bẹẹrẹ ní ìrọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Bàbá, n kò wá sọ nǹkan kan. Ìbéèrè ni mo ní. Báwo ni ọjọ́ yín ṣe ń lọ?"

Bàbá ń hunṣọ rẹ̀ lọ. Sẹ̀gilọlá ni ó sọ̀rọ̀ láti ìdí ìdáná. "Wọ́n ń ṣínu. Wọ́n ń kírun àsámù lálẹ́. Wọ́n ń jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta náà kúkú nìyẹn," ni Àkíbù wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo bá yín gbààwẹ̀, n kò sì bi yín."

Sẹ̀gilọlá mú òwú mẹ́ta wá láti inú agbọ̀n òwú bàbá rẹ̀. "Ẹ so pupa mọ́ ọn fún ìṣínu, bí ojú ọ̀run ṣe rí. Dúdú fún ẹ̀yìn àsámù. Funfun fún sààrì. Ṣé Kùránì kọ́ ló ní ká máa jẹun títí òwú funfun yóò fi yàtọ̀ sí dúdú?"

Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà kí wọ́n so ó.

Àkíbù so wọ́n mọ́ igò láti òkè dé ìsàlẹ̀, pupa, dúdú, funfun, ó tún bẹ̀rẹ̀ lórí pupa, òwú kan ní ojú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí bàbá bá mu ún tí oògùn sọ̀ kalẹ̀ dé òwú àsìkò náà, ó tó, kí ó dé igò. Sẹ̀gilọlá di igò mú fún un, ìka wọn kan ara wọn lórí òwú funfun. Kò sí ẹni tó yára gbé tirẹ̀ kúrò.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni Àkíbù ń wá wo igò. Bàbá kọ́kọ́ ń fún un lómi láti fi ṣínu lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní kó jókòó. Nígbà tí ibà lọ, ó ní kó ṣì máa wá.

"Bàbá, igò ti ṣófo," ni Àkíbù wí.

"Ṣé igò lò ń wá wò?" ni bàbá dáhùn, Sẹ̀gilọlá sì sá wọlé.

Lọ́jọ́ tí dókítà dé, Sàláúdéènì wọ agbádá Ìtúnu rẹ̀ wá sí ilé oògùn, ó gbé igò òfìfo náà dání. Ó fi ìka tọ òwú kọ̀ọ̀kan, ó sọ bí òun ṣe lò ó láìṣì. Ọ̀gá Olúdayọ̀ ń túmọ̀ fún dókítà, inú rẹ̀ ń dùn. Kí oòrùn tó wọ̀, Àkíbù ti gba ìwé àṣẹ.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ fi bá a lọ sí Bẹẹrẹ lọ tọrọ ìyàwó. Sàláúdéènì jẹ́ kí wọ́n jókòó tán kó tó kọjú sí Àkíbù.

"Báwo lo ṣe máa tọ́jú ọmọ mi?"

Àkíbù dojú bolẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "N ó máa bi í bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ, kí n tó sọ ohunkóhun."

"Tún un sọ fún mi."

"N ó máa bi í bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ, kí n tó sọ ohunkóhun, Bàbá."

"Ẹ má sì wòkè!" ni ohùn kan ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àkíbù sì wòkè. Sẹ̀gilọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ̀n òwú kún irun ìpéǹpéjú rẹ̀.