Ẹni Tó Wọ Ọkọ̀ Kẹ́yìn

"Ìjì! Ìjì! Ìjì!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lókè ọkọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń lu irin tí wọ́n fara tì. Nísàlẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan ń sáré bọ̀ ní etí èbúté, bàtà rẹ̀ ń dún pà-pà-pà lórí kọnkéré. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì, aago mẹ́rin gééré sì ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fo àtẹ̀gùn irin náà ní méjì-méjì, ó na káàdì rẹ̀ sí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ náà ké píìn, ó sì di ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Ariwo tó sọ lókè, ẹ ó rò pé ife ẹ̀yẹ ló gbà.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Àbúrò, ẹ̀ẹ̀kejì rèé o. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo ṣáà ti dé."

"Tòní lo dé," ni obìnrin náà wí, ó sì yí ojú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìjì kọ́ ni orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ilé ìwé ni wọ́n ti fún un lọ́dún tó gba ipò kìíní nínú eré irínwó mítà. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin mìíràn ti gbé eré kan kalẹ̀: ní èbúté kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá ti yà, ẹni tó bá padà wọlé kẹ́yìn ni ọ̀gá. Ọ̀gá kì í tò sórí ìlà oúnjẹ, àwọn yòókù ló ń gbé e wá bá a. Ẹ ó rí i pé eré òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n eré òmùgọ̀ ló máa ń dùn jù lọ́jọ́ orí yẹn. Èbúté méjì ni wọ́n ti dé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni Ìjì jọba.

Ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá wọn, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Agbẹ̀bí ni Ìyá àgbà. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi ṣe iṣẹ́ náà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, àwọn ọmọ rẹ̀ fi orí korí, wọ́n fi ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi dá a lọ́lá, wọ́n sì ní kí ọmọ-ọmọ kan tẹ̀ lé e, kó máa bá a gbé báàgì, kó sì máa rán an létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò, ló bá bọ́ sí i.

"Níbo lo wà láti àárọ̀?" ni Ìyá àgbà béèrè.

"Ọjà ni mo wà, mà. Mo tètè dé o."

"Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì lò ń pè ní títètè? Àyà mi ti já lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí mo jókòó sí."

"Ìyá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àbí ẹ ò mọ ẹsẹ̀ mi ni?"

"Èmi tí mo gbẹ̀bí rẹ? Ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ni mo dì mú tí mo fi gbé ọ sókè kí o lè ké. Mo mọ̀ ọ́n." Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹni tó ń dúró de ènìyàn kì í mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ẹni náà yá. Ohun tó mọ̀ kò ju pé kò tíì dé."

Kì í ṣe òkun ni Ìyá àgbà tìtorí ẹ̀ wọkọ̀, kì í sì í ṣe oúnjẹ tàbí àwọn olórin. Èbúté kẹrin ló ń wá lọ. Ìlú tó wà lẹ́yìn èbúté yẹn ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé, èyí tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Kékeré. Ọdún méjìlélógún rèé tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ síbẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, yóò sì ṣí láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

"Wákàtí mẹ́sàn-án," ni Ìyá àgbà máa ń wí bó bá ti ń ká súwẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún àbúrò rẹ̀. "Ọdún méjìlélógún nínú wákàtí mẹ́sàn-án! Kíákíá la máa sọ̀rọ̀ o, a ò ní lè sín."

Lọ́jọ́ náà, Ìjì ṣèlérí pé ní èbúté kẹta, aago mẹ́ta ààbọ̀ kò ní bá òun níta. Ó sì fẹ́ mú un ṣẹ ní ti tòótọ́. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ló ti kúrò nínú ọjà ibẹ̀ tó ń bọ̀. Àfi bó ṣe kan àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú kan, tí wọ́n ń mu ohun tútù. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í bọ́ fìlà pupa rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Onífìlà ni wọ́n ń pè é.

"Ọ̀gá, ẹ̀rù ti ń bà ọ́ ni?"

"Ìyá àgbà mi ní kí n tètè dé."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀yin ará, ẹ wá wò ó o, Ìjì ti di atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́!"

Ẹ̀rín ta. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìjì. Ó wo aago fóònù rẹ̀. Ó ti rí ọ̀nà àbùjá kan láàárọ̀, láti ẹ̀yìn ọjà, gba àárín àwọn ahéré tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ṣe, títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni fún ẹsẹ̀ tirẹ̀. "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà," ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì jókòó.

Àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Onífìlà ló lọ kẹ́yìn nínú wọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́rin lù, Ìjì fò dìde, ó sì kọrí sí àárín àwọn ahéré náà. Òórùn ọ̀dà kún imú rẹ̀, àwọn káfíńtà ń kígbe mọ́ ọn, ó ń fo okùn, ó ń fo pákó. Ó ku ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà fi ké píìn. Ariwo sọ lókè.

Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin ẹnu ọ̀nà kò bá a wí. Ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ìwọ àti màmá tó ń fi ọ̀pá rìn lẹ jọ wà ní yàrá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọn ò sí nínú ọkọ̀. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n jáde. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ṣèlérí aago mẹ́ta ààbọ̀, pé bí kò bá tíì dé, a jẹ́ pé nǹkan ti ṣe é nìyẹn."

Wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ lókè. Etí Ìjì ń gbọ́ ọ bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Títì gbọọrọ ni Ìyá àgbà gbà lọ, òun gba ẹ̀yìn ahéré bọ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì fi lè máa wá ara wọn kí wọ́n má pàdé.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe Ìyá àgbà títí. Ọ̀gá ọkọ̀ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀pá, kò rí Ìyá àgbà.

"A ò lè dúró jù báyìí lọ," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ wá gba àyè wa. Aṣojú wa tó wà ní èbúté á tọ́jú màmá. Ìwọ dúró síbí, a ó máa mójú tó ọ."

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Ó di èbúté kẹrin kí ilẹ̀kùn yìí tó ṣí fún ọ."

Ìjì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó sáré gun òkè, ó kó oògùn Ìyá àgbà, ó kó ìwé ìrìnnà wọn méjèèjì, ó sì mú súwẹ́tà náà. Ó pàdé Onífìlà lórí àtẹ̀gùn.

"Ìjì, níbo tún ni? Ìwọ lo jẹ ọ̀gá o!"

Ìjì kọjá lára rẹ̀. Bó ti ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ èbúté ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtẹ̀gùn irin náà sókè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bá Ìyá àgbà níwájú ṣọ́ọ̀bù atúnbàtà kan lójú títì, lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ ń lọ ń bọ̀. "Màmá ti béèrè ẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó kọjá," ni atúnbàtà náà wí. Ìyá àgbà nawọ́ sí i, ó tẹ apá rẹ̀ wò, ó tẹ èjìká, ó wo ojú rẹ̀, bó ti máa ń yẹ ọmọ tuntun wò.

"O ò ṣèṣe?"

"N ò ṣèṣe, mà."

"Ọpẹ́ o. Ó yá, jẹ́ ká lọ. Ọkọ̀ á ti máa retí wa."

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹta láti ọ̀nà òkun. Ìjì kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: eré wọn, fìlà pupa, ọ̀nà àbùjá. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Ìyá àgbà kò gbá a létí, kò sì pariwo. Ì bá gbá a létí, ì bá sàn fún Ìjì.

"Wákàtí mẹ́sàn-án mi," ni arúgbó náà wí jẹ́jẹ́.

Aṣojú ọkọ̀ gbà wọ́n sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí èbúté kẹrin yóò gbéra láago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, ó ń yípo òkè ni, ó di aago mẹ́ta ọ̀sán kó tó dé. Ó yá wọn ní fóònù, nítorí fóònù Ìjì kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá Kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sunkún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì wa máa gbé mi dé èbúté, aago márùn-ún ni yóò sì gbé mi padà sílé. N ó jókòó dè yín títí dìgbà yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, wákàtí mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ìjì ka gbogbo rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òkò náà lè jẹ́ eré lásán. Lẹ́yìn tí oòrùn ti là dáadáa, ó rọra sọ pé, "Ìyá àgbà, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́ láti àná. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá àgbà ń wo ìta fèrèsé. "Ṣùgbọ́n omi náà dùn mí, n ò ní purọ́ fún ọ."

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n dé. Ìyá Kékeré wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì èbúté, níbi tó ti jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀, oúnjẹ tó gbé wá ti tutù nínú abọ́. Àwọn arúgbó méjèèjì di ara wọn mú gbọingbọin. Ní èbúté yìí, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìyá àgbà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún Ìjì. "Gbà. Èmi ò fẹ́ máa wò ó. Tó bá tó, kí o sọ fún wa."

Kì í ṣe pé ó fẹ́ fìyà jẹ ẹ́. Ó kàn fẹ́ fi ojú méjèèjì wo àbúrò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ìjì kò tíì gbé ẹrù tó wúwo tó aago kékeré yẹn rí. Ìyá Kékeré wọ súwẹ́tà náà nínú oòrùn, ó ní òun ò ní bọ́ ọ. Wọ́n ń dárúkọ òkú, wọ́n ń dárúkọ alààyè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìjì ń wo ọwọ́ aago, ó ń wo ọ̀pá Ìyá àgbà, ó ń ṣírò ìrìn rẹ̀ láti géètì dé àtẹ̀gùn. Aago mẹ́rin lù. Ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyá Kékeré wà láàárín ìtàn kan nígbà náà, nípa ọjọ́ tí bàbá wọn gun igi tí kò lè sọ̀ mọ́.

"Ìyá àgbà," ni Ìjì wí. "Ó ti tó, mà."

"Ó kù díẹ̀ kí n parí ẹ̀," ni Ìyá Kékeré wí.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́." Omi ti dé ojú rẹ̀.

Ìyá àgbà wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sì dìde. "Ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Dìde, àbúrò mi, jẹ́ ká dágbére."

Ìtàn náà kò parí. Títí dòní, Ìjì kò mọ bí bàbá Ìyá àgbà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí igi.

Ìjì mú apá Ìyá àgbà, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Onífìlà àti àwọn yòókù sáré kọjá lára wọn, wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò fi Ìyá àgbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ké píìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni obìnrin ẹnu ọ̀nà wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí wọn.

Láti òkè ọkọ̀, wọ́n rí Ìyá Kékeré ní etí èbúté, nínú súwẹ́tà rẹ̀, ó ń juwọ́. Aago márùn-ún lù, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, síbẹ̀ kò kúrò títí ọkọ̀ fi ṣí.

"Obìnrin yẹn sọ òótọ́," ni Ìjì wí. "Ọkọ̀ kì í dúró de ènìyàn."

"Kì í dúró," ni Ìyá àgbà dá a lóhùn, ó ṣì ń na ọ̀pá sókè sí àbúrò rẹ̀. "Ènìyàn ló ń dúró de ènìyàn. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi àkókò ṣeré, kọ́kọ́ wò ó bóyá tìrẹ ni."

Ìjì ṣì ń sáré nílé ìwé, ó sì ṣì ń gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dá àkókò fún un, bó ti wù kó rí, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá níbẹ̀.