Ikùn Àtọwọ́dá Tí Dókítà Ò Tú

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Àlàkẹ́ ká ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó wẹ̀. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun á ti máa tà á ní Fìdítì. Òkúta inú àpò òróòro ni wọ́n fẹ́ yọ fún un, ihò kéékèèké ni wọ́n sì ní àwọn máa dá sí i níkùn.

Dókítà Obadiah, ọmọ bíbí Ìlọrà, ìlú wọn, ló fẹ́ ṣe é. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé Àlàkẹ́ lọ sí Ìbàdàn, àmọ́ Àdìsá, ọkọ rẹ̀, fárígá. Ṣé ọmọ ẹni á wà nílé kéèyàn máa wá àjèjì kiri?

Ní ọ́fíìsì dókítà, fúláàsì tíì wà lórí àpótí kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀?" Àlàkẹ́ bèèrè.

"Ẹ̀rọ ìdánrawò ni, Mọ̀ọ́mì. Ikùn àtọwọ́dá ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn á ki irinṣẹ́ gígùn bọ̀ ọ́, á máa wo tẹlifíṣọ̀n, á máa gé, á máa rán. Ẹ̀rọ náà á sọ bí ọwọ́ ẹni bá gbọ̀n tàbí tó ṣìnà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló wà fún."

"Ẹ̀yin náà ti yege lórí ẹ̀?"

Ojú ti Àdìsá. "Àlàkẹ́, ta ní ń bi ọmọ ẹni bẹ́ẹ̀? Bẹ̀ ẹ́."

Àlàkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ ọmọ tó lè bí. Obadiah rẹ́rìn-ín. "Mo ti la ikùn láìmọye ìgbà, Mọ̀ọ́mì."

Kò ṣáà fi ihò kékeré ṣe é rí. Nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú tẹlifíṣọ̀n tàn án jẹ. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà lọ sínú ìfun ló gé. Òróòro dà sínú ikùn Àlàkẹ́, ikùn wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Obadiah ní afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Ìbàdàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́; Àlàkẹ́ kú.

"Baba, ṣé ẹ bi dókítà yẹn bóyá wọ́n ti dán an wò lórí ẹ̀rọ?" ni dókítà ibẹ̀ bèèrè.

"Ìyàwó mi bi í," ni Àdìsá wí. "Èmi ni mo ní kó bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gba iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ Obadiah, wọ́n tú ọ̀rá ara àpótí. Àwọn aládùúgbò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọsàn Àlàkẹ́ ti jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà: ṣé ẹ ti dánra wò lórí ẹ̀rọ, ta ló sì wò yín tó ní ẹ yege? Bó jẹ́ ọmọ yín, ẹ tún bèèrè. Abéèrè kì í ṣìnà, wọ́n ní. Àlàkẹ́ bèèrè, ará ilé rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.