Ta Ló Kọ Kẹ́hìndé?

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ lọ bi Ṣẹ̀fíátù ìyàwó mi. Òun ló rọbí. Èmi wà níbẹ̀, ojú mi là kedere, n kò sì mu nǹkan kan ju kúnú lọ.

Ọdún 1996 ni. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ungwan Dosa, ní Kaduna níbí. Mo kọ tírígà kan sínú rẹ̀. Tírígà dà bí pàkúté: bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ibi tó wà, á ré, á ṣe iṣẹ́ tí o rán an. Tèmi, bí akọ̀wé bá ti kọ ọ́ pé obìnrin kan bí ìbejì, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ kọ Táíwò, á kọ Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Ọmọ Yorùbá ni mí o. Ṣé ó tún yẹ kéèyàn máa béèrè orúkọ ìbejì ni?

Àfi ìgbà tí ìyàwó Hausa kan bí ìbejì. Bàbá wọn gba káàdì, ó wò ó títí, ó ní, "Ina Hassan? Ina Husaini?" Orúkọ tí àwọn Hausa ń sọ ìbejì ló ń wá. Ẹ̀rín pa wá. Sístà Zuwera, olórí agbẹ̀bí wa tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yọ nǹkan náà kúrò. Mo yọ ọ́. Mo tún un wò, kò sí tírígà kankan mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣẹ̀fíátù bímọ níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Obìnrin ni. Inú mi dùn dé ibi pé ẹsẹ̀ mi kò balẹ̀. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Mo sáré lọ bá Rashidat akọ̀wé pé kó kọ ọmọ mi sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́: ọmọ kan, obìnrin.

Òjò dá lójijì. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

Lójú wa báyìí, orúkọ jáde níwájú ọmọ náà: Táíwò. Ìlà mìíràn yọ nísàlẹ̀ rẹ̀: Kẹ́hìndé.

Rashidat rọra gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tẹ nǹkan kan."

"Mo rí ọ."

N kò mọ ìgbà tí mo dé yàrá ìbímọ. Zuwera ti fa abẹ́rẹ́ tí í mú ilé ọmọ sún kì, kí ibi ọmọ lè jáde. Bí ọmọ bá ṣì kù nínú, abẹ́rẹ́ yẹn lè pa wọ́n, tìyá tọmọ.

"Sístà, ẹ dákun, ẹ tún inú rẹ̀ wò."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Síbẹ̀ ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn Ṣẹ̀fíátù, ó dẹ etí sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Akwai wani," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Òmíràn wà nínú.

Kẹ́hìndé fìdí jáde, tìbínú-tìbínú, ó ké ju Táíwò lọ. Ṣẹ̀fíátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi pé èmi ni mo kó méjì sí òun nínú. Èmi náà sunkún, ojú kò tì mí.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, èmi àti Zuwera lọ wo ẹ̀rọ. Kò sí tírígà. Ẹ̀rọ wa máa ń fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sí ìparí rẹ̀. Ti ìlà àkọ́kọ́, Rashidat ni. Zuwera fi ìka tọ́ka sí ti ìkejì.

"Malam Àbdùl, òṣìṣẹ́ wo níbí ló ń jẹ́ Táíwò?"

Kò sí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní yàrá kejì, ó ń mu àtàǹpàkò.