Kókó Tí Ènìyàn Méjì Péré Mọ̀ Ọ́n Ta

“Etí tó gùn ni kó kọjú sí ibi tí ọ̀nà ń lọ,” bàbá rẹ̀ tún wí, bí ẹni pé kò tíì sọ ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún.

Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín. Ó yí ríbọ́ọ̀nù pupa náà mọ́ ẹ̀ka igi lẹ́ẹ̀mejì, ó fa etí kan gùn, ó ta kókó. Àgbọ̀nrín kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Eré tó mọ̀ ọ́n sá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ gun òkè. Bàbá yìí ló ń tọ́jú àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó tí ìjọba dáàbò bò, èyí tó yí abúlé wọn ká. Òun ló ń gé ẹ̀ka tó bá dí ọ̀nà, òun ló ń kun àmì sára àpáta, bí eré ìje ọdọọdún bá sì dé, òun ló ń so ríbọ́ọ̀nù tí àwọn sárésáré máa tẹ̀lé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ṣìnà rí. Kókó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n ta: òun àti ọmọ rẹ̀.

Ọ̀la ni eré ìje. Ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí ọmọbìnrin tó bá gba ipò kìíní ni ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ti ìlú ńlá yóò gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, toúnjẹ tibùsùn. Bàbá Àgbọ̀nrín ò ní agbára àtirán an lọ síbòmíì. Bó bá pàdánù, ilé ìgbàlejò tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ni yóò ti lọ máa fọ aṣọ ibùsùn àlejò, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń ṣe. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni ọmọ kan láti ìlú, tí gbogbo wọn ń pè ní Oníbàtà Funfun. Ìṣẹ́jú kan péré lọmọ náà fi ṣáájú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìmọ̀ràn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Òun ló ti gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní àwọn àlejò ò mọ òkè, ríbọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó ní bí ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta bá kúrò lápá ọ̀tún ní oríta igi wíwó, tí wọ́n bọ́ sápá òsì, ọ̀nà odò gbígbẹ ni wọn óò gbà, wọn óò sì yípo títí.

“A ò ní ká pa Oníbàtà Funfun,” Ìmọ̀ràn wí. “Kó kàn rìn jìnnà díẹ̀ ni. Ṣé òkè bàbá rẹ̀ ni?”

Nígbà tí Àgbọ̀nrín àti bàbá rẹ̀ dé oríta ọ̀hún, bàbá fi ẹ̀ka igi dí ọ̀nà apá òsì. Ó ń ṣàlàyé pé òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti jẹ ẹ̀bá ọ̀nà náà nísàlẹ̀, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ọmọ ń dáhùn pé “ẹn, Bàbá, ẹn, Bàbá,” àmọ́ etí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi ló ń rò.

Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òkè kó tó ní òun gbàgbé ike omi òun. Bàbá ní kó sáré lọ mú un, orúnkún tòun ò ṣe tán àtigùn padà. Ó padà. Ó tú ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó wọ́ ẹ̀ka igi kúrò, ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápá òsì. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ ta kókó náà bó ṣe máa ń ta á, etí gígùn kọjú sí ibi tí ọ̀nà ò lọ. Ó pinnu pé bí eré bá ti parí, òun óò sáré dá wọn padà.

Kùrukùru bo òkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Oníbàtà Funfun ló ṣáájú, àwọn àlejò mẹ́rin tẹ̀lé e, Àgbọ̀nrín mọ̀ọ́mọ̀ dẹsẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ní oríta, ó rí bàtà funfun náà tó yà sápá òsì láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mẹ́rin náà sì yà tẹ̀lé e. Ọmọ náà ń kọrin jẹ́jẹ́ bó ti ń sáré. Àgbọ̀nrín lè pè é. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ là. Ó pa á dé, ó ya apá ọ̀tún.

Ó gba ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Ìmọ̀ràn dì mọ́ ọn, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà ìparí, obìnrin kan tó gbé aṣọ òtútù dání ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń dé bóyá wọ́n rí ọmọ òun. Ó dé ọ̀dọ̀ Àgbọ̀nrín náà.

“Ọmọ mi, bàtà funfun ló wọ̀. Ṣé ẹ ò jọ wà pa pọ̀?”

Àgbọ̀nrín ní òun ò rí i.

Àwọn àlejò mẹ́rin yẹn ló mú ìròyìn dé. Ilẹ̀ ti ya lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ṣáájú wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mú okùn àti pákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, bàbá Àgbọ̀nrín ló sì ṣáájú wọn gun òkè. Ó di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Itan rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, orúnkún rẹ̀ fọ́. Dókítà ní yóò rìn lọ́jọ́ kan, àmọ́ kó má retí eré sísá mọ́ láyé rẹ̀.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́, ríbọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ṣẹ́ ọ̀kan wá tòun ti ẹ̀ka rẹ̀, kókó náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde, ó béèrè ẹni tó so ríbọ́ọ̀nù wọ̀nyí sápá òsì.

“Èmi ni,” ni bàbá wí. “Kókó mi nìyẹn. Àgbà ti ń dé, ọ̀gá. Mo gbàgbé pé ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́.”

Bí ọdún mọ́kàndínlógún ṣe parí nìyẹn. Wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dìde níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àgbọ̀nrín fi wo bàbá rẹ̀ tó jókòó sílé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gba ọ́fíìsì lọ, ó sì jẹ́wọ́ láti orí dé ìdí. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọmọ dáadáa ni ẹ́,” ó wí jẹ́jẹ́. “Bàbá ẹ ti sọ fún mi pé o máa wá. Ó ní o máa sọ pé ìwọ lo ṣe é.”

“Èmi ni mo ṣe é lóòótọ́, sà.” Ó fa okùn kan lára fáìlì tó wà lórí tábìlì, ó sì ta kókó náà níwájú rẹ̀.

“Kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀? Ọmọ rẹ̀ ni ẹ́, òun ló kọ́ ẹ. Má torí àánú parọ́ mọ́ra ẹ. Máa lọ sílé.”

Ó bẹ Ìmọ̀ràn pé kó wá jẹ́rìí. Ìmọ̀ràn, tó lóhùn sí ohun gbogbo, ò lóhùn sí èyí.

Bàbá ń fọ bàtà òkè rẹ̀ tí kò ní wọ̀ mọ́, nígbà tí Àgbọ̀nrín kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ òtítọ́.

“Ẹsẹ̀ ọmọ kan ti ṣẹ́,” bàbá wí, kò wo ojú rẹ̀. “N ò ní jẹ́ kó di ọmọ méjì. Lọ di ẹrù ẹ, ilé-ẹ̀kọ́ ń retí ẹ.”

Kò tún bá a sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ká sòótọ́, kò tún bá a sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ rárá.

Ìjọba ti gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí abúlé ká pa. Àlejò ò wá mọ́, ilé ìgbàlejò tìlẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sílé wá jókòó. Àwọn ọmọdé ń pe bàbá ní Baba Aṣinilọ́nà bó bá ń kọjá, àwọn òbí wọn ò sì bá wọn wí. Wọ́n máa ń ní ẹni gbin ẹ̀bù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Ní ilé yìí, ọmọ ló gbìn ín, orí bàbá ló hù lé.

Lọ́sẹ̀ kejì tí Àgbọ̀nrín dé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, olùkọ́ eré ìdárayá kó ríbọ́ọ̀nù fún wọn láti fi sàmì ọ̀nà eré lẹ́yìn ilé ibùsùn. Ọwọ́ rẹ̀ ta á kó tó mọ̀: ìyí méjì, etí kan gùn. Olùkọ́ dúró tì í.

“Kókó yìí dára o. Ta ló kọ́ ẹ?”

Àgbọ̀nrín jókòó sílẹ̀. Ó sunkún títí àwọn yòókù fi so ríbọ́ọ̀nù wọn tán.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí òtítọ́ bá pẹ́ jù lọ́nà, ó lè dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìṣẹ́jú tó yẹ kí Àgbọ̀nrín sọ̀rọ̀ ti kọjá ní oríta, nínú kùrukùru, nígbà tí ẹnu rẹ̀ là tí kò sì pe ọmọ ọlọ́mọ. Kí ẹnikẹ́ni má yí àmì ọ̀nà padà nítorí ẹni kan tó fẹ́ ṣáájú. Kò sẹ́ni tó mọ iye èèyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí yóò gba ibẹ̀. Bàbá tó bí Àgbọ̀nrín lọ́mọ wà lára wọn.